Ẹ gbìn ín ni, ẹ ká a ní pápá ni, àbí ẹ lọ rà á n'Ítòkú? Ìfiwéra ewé àgbo fún àwa ará Abẹ́òkúta

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé èwo ló dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kéèyàn gbin ewé àgbo sẹ́yìnkùlé, kó máa lọ ká a ní pápá, àbí kó kówó dání kó lọ bá àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ní Ìtòkú, Kútọ̀ tàbí Làfẹ́nwá. Èmi ò ní sọ pé ọ̀kan ju ìkejì lọ o. Ọwọ́ ewé kọ̀ọ̀kan lọ̀rọ̀ wà. Ewé kan wà, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa gbìn ín, ẹ̀yin àti gbogbo àdúgbò á máa já a títí. Òmíì wà tó jẹ́ pé bó bá ti rọ̀jò báyìí òun náà ti hù, kí lẹ wá fẹ́ máa da ara yín láàmú sí? Òmíì náà sì wà, bẹ́ ẹ bá gbin igi ẹ̀ lónìí, ó lè jẹ́ ọmọ yín ló máa bó èèpo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìgbà ná, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí. Lọ́dọ̀ wa níbí, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, á rọ dé oṣù kẹwàá, nígbà míì á tún yọ́ wọ oṣù kọkànlá díẹ̀. Oṣù kẹfà àti ìkẹsàn-án ló máa ń rọ̀ jù, àárín méjèèjì ni ìsinmi oṣù kẹjọ wà, ilẹ̀ á gbẹ díẹ̀ kí àròkúrò tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀ẹ̀rùn ti gbòde nìyẹn, ọyẹ́ á sì wọlé láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kíní. Tẹ́ ẹ bá fi kàlẹ́ńdà yìí sọ́kàn, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ewé tí wọ́n ń tà fún yín lówó iyebíye nínú oṣù kejì, ńṣe ló ń hù lọ́fẹ̀ẹ́ nínú oṣù keje.

Èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, ẹ gbìn ín jàre

Mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn, ẹfínrín, ewúro àti ewé tíì (àwọn àgbà ń pè é ní koríko ọba). Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, gbígbìn na kíká àti rírà mọ́lẹ̀ pátápátá, kò tiẹ̀ sí ìjiyàn ńbẹ̀.

Ẹfínrín ńlá ni mo ń wí o, èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, tí wọ́n tún fi ń ṣe àgbo inú rírun. Ẹ ò nílò hóró ẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá lọ ra ẹ̀fọ́, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá èyí tí igi ẹ̀ ti le díẹ̀, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi sínú ife omi tàbí ilẹ̀ tó tutù, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì á ti yọ gbòǹgbò. Tó bá wá jẹ́ pé hóró lẹ rí, ẹ má rì í wọlẹ̀ lọ bí ẹni tó ń gbin àgbàdo, ó kéré gan-an, orí ilẹ̀ náà lẹ máa wọ́n ọn sí, kẹ́ ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kẹ́ ẹ sì máa rọra wọ́n omi sí i. Ohun kan tí mo rí pé àwọn èèyàn kì í ṣe ni pé wọn kì í gé òdòdó ẹ̀. Ẹ máa gé e, torí tó bá ti ń so hóró, ewé ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, igi ẹ̀ á wá le bí igi ìdáná.

Ewúro tiẹ̀ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé igi ẹ̀ tó nípọn tó ìka ọwọ́, kó gùn tó rúlà àwọn ọmọ iléèwé, ẹ gún un sílẹ̀ ní dídagun díẹ̀ nígbà tójò bá ti ń rọ dáadáa, ó parí. Kì í bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì gé e lulẹ̀ á tún rú. Ọ̀tá ẹ̀ kan ṣoṣo ni ewúrẹ́ àdúgbò, tẹ́ ẹ bá ń gbé ibi tí wọ́n ti ń da ẹran sígboro, ẹ yáa wá nǹkan ṣe ọgbà yí i ká, torí ewúrẹ́ ò mọ̀ pé ó korò.

Ewé tíì ní tiẹ̀, ẹ kàn máa ya lára ìdí ẹ̀ tó ti pọ̀ ni, ẹ gé ewé òkè kúrò, ẹ gbìn ín. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé orí òkè, àwọn ibi tí àpáta wà bíi àgbègbè Olúmọ àti Ìkìjà, mo fẹ́ràn ewé tíì fún yín ju gbogbo nǹkan lọ, ìdí ni pé gbòǹgbò ẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú, kò ní jẹ́ kí àgbàrá gbé ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀ tó wà lórí àpáta lọ. Ẹ gbìn ín bíi ìlà kan síbi tí omi ń gbà kọjá. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ṣẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kù sílẹ̀, ẹ má fà á tu.

Ẹni tí kò nílẹ̀ ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n gé sí méjì tó. Ẹ lu ihò sí ìdí ẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ dúdú, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa (èyí tó ṣì tutù máa jó gbòǹgbò), ẹ gbé e síbi tí oòrùn ń dé. Mo rí i pé rọ́bà péńtì làwọn èèyàn sábà máa ń lò, èmi ò fara mọ́ ọn fún nǹkan tẹ́ ẹ máa jẹ, bẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ títí, ẹ wá ti òróró jàre. Omi ni ìṣòro tó kù, kànga púpọ̀ lórí àpáta máa ń gbẹ láàárín oṣù kíní sí ìkẹta, ẹ wá fi omi tẹ́ ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà bomi rin ín, kì í ṣe omi ọṣẹ o.

Tẹ́ ẹ bá fi èyí wé ti ọjà, ẹfínrín ọjà wọ́n ti já a kílẹ̀ tó mọ́, oòrùn ti pa á, wọ́n sì ti ń wọ́n omi sí i láti àárọ̀ kó má bàa rọ, omi wo ni? Ẹ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀.

Èyí tó ń hù fúnra ẹ̀ nígbà òjò, ẹ lọ ká a, ṣùgbọ́n ẹ lajú

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ẹ̀yìn olobe, rínrín, imí eṣú, ewé Akíntọ́lá. Kò sẹ́ni tó ń gbin àwọn yìí, àfi ẹni tó bá fẹ́ ṣeré. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá, ẹ̀yìn olobe máa ń wà nínú oko ẹ̀gẹ́, lẹ́bàá ilé, láàárín bíríkì tí wọ́n tò sílẹ̀ tí wọn ò tíì fi kọ́lé. Rínrín fẹ́ràn ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, ara ògiri tí omi ń kán sí, ìdí ìkòkò òdòdó, ẹ̀gbẹ́ àpáta, Abẹ́òkúta sì rèé, a ò wá àpáta tì. Tẹ́ ẹ bá wá a ní oṣù kejì, ẹ ò lè rí i, á ti yọ́ lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ẹ̀yìn olobe nìyí. Ẹ yí ẹ̀ka ẹ̀ sókè, ẹ máa rí hóró róbótóróbótó tó tò sábẹ́ ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n àwọn koríko míì jọ ọ́ láti òkèèrè, ẹ ṣẹ́ igi ẹ̀ wò, tó bá sun oje funfun bíi wàrà, kì í ṣe òun nìyẹn, ẹ jù ú nù, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fi kan ojú. Ẹ má ro pé ó dá yín lójú, ẹ ṣẹ́ ẹ wò nígbà gbogbo.

Imí eṣú ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ gbangba, mi ò kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti mu ún. Ó ní èròjà kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ kan ni ẹ máa mọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà máa ń lò ó, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé ara ni wọ́n ń fi pa, ẹ jẹ́ kó dúró sára níbẹ̀. Ewé Akíntọ́lá náà, lára ni tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi àdá ṣèèṣì géra yín lóko tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ gún un ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí tẹ́ ẹ máa fi délé, tó bá jinlẹ̀ ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ gba abẹ́rẹ́ ipá tó ń gan èèyàn. Ẹ má sì fún oje ewé kankan sójú o, bó ti wù kí wọ́n yìn ín tó.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ká ewé gan-an ló le ju ewé lọ ní Abẹ́òkúta. Ẹ yẹra fún gbogbo ibi tí àwọn aládìrẹ ń da omi aró wọn sí ní Ìtòkú àti Aṣẹ̀rò, sódà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, ilẹ̀ ẹ̀ ti mu ún yó. Ẹ yẹra fún etí odò Sókòrí, ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń dà síbẹ̀ ò ní bèèrè ìdí. Etí Odò Ògùn lágbègbè Làfẹ́nwá dáa lójú, ewé ibẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ nínú oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá tí omi bá kún bo ilẹ̀, gbogbo ìdọ̀tí tí àgbàrá kó láti ìgboro ló máa wà lórí ewé yẹn. Ẹ fi sílẹ̀ di ọdún míì. Ẹ̀gbẹ́ títì náà ò dáa, èéfín ọkọ̀ ńkọ́?

Oko ló wá ń ṣe mí ní kàyéfì jù. Gbogbo èèyàn ló gbà pé oko mọ́ ju ìgboro lọ, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, apakoríko ti gba gbogbo oko. NAFDAC ti fòfin de Paraquat láti oṣù kíní ọdún 2024, ṣùgbọ́n oríṣi míì ṣì wà lọ́jà, wọ́n sì ń fín in. Ohun tó burú ńbẹ̀ ni pé ewé tí wọ́n fín oògùn bíi Glyphosate sí lè wà ní títutù fún ọjọ́ mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ máa ká a lọ sílé, ẹ máa sè é, ẹ máa mu ún, ojú yín ò ní rí nǹkan kan. Torí náà ẹ bi olóko. "Bàámi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fín ibí yìí?" Ìbéèrè yìí ò gbowó. Tí kò bá sí ẹnì kankan láti bi, tẹ́ ẹ sì rí i pé koríko apá kan ti pọ́n bí ẹni pé iná rà á, ẹ padà sẹ́yìn. Àti pé igbó ọba bíi Àrákàngá àti Olókemejì tó wà láàárín àwa àti Ìbàdàn, ìjọba ló ni ín, ẹ ò kàn ní wọbẹ̀ lọ máa gé igi, ẹ gbàṣẹ.

Gbòǹgbò àti èèpo igi, ọjà ló dáa

Orúwọ, awọ́pa (òun náà ni dókítà igbó), ahùn, àwọn tí wọ́n máa ń kó jọ fún àgbo ibà. Orúwọ wà káàkiri àdúgbò wa, ṣùgbọ́n awọ́pa igi igbó dúdú ni, ilẹ̀ tiwa níbí ti ń di ọ̀dàn, kì í pọ̀ lágbègbè yìí, láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kó o wá. Ẹ ò lè gbìn ín kó dàgbà lásìkò tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó. Ẹ sì má fara yín ṣe abóèèpo igi, mo bẹ̀ yín, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n bó máa ń bó o yí igi po ni, ohun tí ewé sè kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá lọ sí gbòǹgbò mọ́, igi yẹn á kú dájú. Ẹni tó mọṣẹ́ á bó apá kan péré, á jẹ́ kó jinná kó tó padà wá.

Ní ti rírà, ẹ má kàn débẹ̀ kẹ́ ẹ máa nawọ́ sí nǹkan. Ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín. Bó ṣe máa ń rí nìyí:

"Màmá, ẹ kú ọjà o. Ti ibà ni mo fẹ́."

"Ọmọ mi, ibà wo? Ibà lásán ni, àbí èyí tójú ń pọ́n fún? Ta ló fẹ́ lò ó, àgbà ni àbí ọmọdé? Ṣé kì í ṣe aboyún?"

Ìyá tó bá bi yín báyìí, ẹ mú un ní oníbàárà. Èyí tó bá kàn ń kó gbogbo ẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù láì bi yín ní nǹkan kan, ẹ dúpẹ́, ẹ kọjá. Ẹ ra èèpo ní odindi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lọ̀, torí ẹ ò lè mọ ohun tó wà nínú àgúnmu tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀. Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn bíi aṣọ tí kò gbẹ, ó ti bu nìyẹn. Èyí tí wọ́n rọ sínú ike tí wọ́n lẹ ìwé mọ́, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì fi ọ̀gógóró rẹ, ọ̀rọ̀ míì ni, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Ẹ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àgbo ibà o, kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Ọmọdé tára ẹ̀ ń gbóná tó wá ń gìrì, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Dóńgóyárò wà láàárín

Ẹ lè gbìn ín, ẹ lè bẹ aládùúgbò. Èmi á ní kẹ́ ẹ bẹ aládùúgbò. Igi ńlá ló máa ń dà, ilé kan ò nílò odindi igi fún ewé tẹ́ ẹ máa já lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kí gbòǹgbò ẹ̀ wá máa wá ọ̀nà sábẹ́ fẹ́ǹsì. Tẹ́ ẹ bá nílẹ̀ tó tó, bóyá ní Ọ̀sìẹ̀lẹ̀ tàbí ọ̀nà Alábàtà lápá FUNAAB, ó dáa, ẹ gbìn ín, hóró tútù lẹ máa lò, torí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣa á nílẹ̀ agbára híhù ẹ̀ ti ń lọ. Ewé ẹ̀ máa ń wà láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn. Aboyún àti ẹni tó ń wá oyún, ẹ má mu ún. Òróró ẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má fún ọmọ ọwọ́ lẹ́nu láéláé, ó ti pa ọmọ rí.

Atalẹ̀

Tẹ́lẹ̀, èmi ì bá ní kẹ́ ẹ rà á ni. Ṣùgbọ́n apá Kaduna ni èyí tó pọ̀ jù nínú atalẹ̀ tí a ń jẹ ti ń wá, àrùn sì bà á jẹ́ púpọ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ yẹn lọ́dún 2023, owó ẹ̀ fò sókè, gbogbo wa la rí i lọ́jà. Torí náà ẹ gbin díẹ̀ sínú àpò tàbí kẹ́ẹ̀gì ní oṣù kẹrin, lábẹ́ òjìji díẹ̀. Ẹ mú èyí tó ti ń yọ ojú. Ewé ẹ̀ á gbẹ fúnra ẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kíní, ìgbà yẹn lẹ máa wú u. Atalẹ̀ pupa náà, bákan náà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í ní sùúrù, ọjà.

Gbígbẹ, torí ibẹ̀ ni ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ti ń pàdé

Ewé tẹ́ ẹ ká lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù keje, tẹ́ ẹ bá sá a ní oṣù keje, ó ṣeé ṣe kó bu. Afẹ́fẹ́ tutù jù. Ẹ lò ó ní tútù nígbà yẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó pamọ́, ẹ dúró de ìparí òjò, nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkọkànlá, kí ẹ̀yìn olobe tó kú tán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbọn omi ẹ̀ dànù, ẹ so ó rọ̀ ní ìdìpọ̀ kékeré sínú iyàrá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Kì í ṣe inú oòrùn o, oòrùn á gba òórùn ẹ̀, pàápàá ẹfínrín àti ewé tíì. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù láti sá nǹkan, ewé á gbẹ kíákíá, ẹ kàn bò ó pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́ torí eruku. Tẹ́ ẹ bá rún un lọ́wọ́ tó ń dún kírákírá, ó ti tó, ẹ kó o sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ kọ orúkọ àti oṣù sí i lára. Ẹni tí kò kọ orúkọ máa fi ewé tíì se àgbo ẹlòmíì lọ́jọ́ kan.

Ó wá kù sọ́wọ́ ta ni

Ayálégbé ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Ìbarà tí kò ní ju bàkọ́nì lọ: kẹ́ẹ̀gì méjì, ẹfínrín àti ewé tíì, ìyókù ọjà. Ẹ fi kíká sílẹ̀, ibi tó mọ́ jìnnà sí yín, owó ọkọ̀ á ju owó ewé lọ.

Ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ ní Ọbáńtokò àti agbègbè ẹ̀: ẹ gbin ẹfínrín, ewúro àti ewé tíì, ẹ fi igun kan sílẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní fín oògùn sí, ẹ̀yìn olobe á hù ńbẹ̀ fúnra ẹ̀ lọ́dọọdún tẹ́ ẹ bá ń fi díẹ̀ sílẹ̀ kó so hóró. Èmi gbà pé èyí ló dáa jù nínú gbogbo ọ̀nà, ẹ ò gbìn ín, ẹ ò sì rìn jìnnà, ẹ mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀.

Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru: bóyá gbígbìn ni o, bóyá rírà ni, ẹ sọ fún dókítà yín kẹ́ ẹ tó máa mu omi ewúro lójoojúmọ́. Ó ń fa ṣúgà wálẹ̀, oògùn yín náà ń fà á wálẹ̀, méjèèjì lè fà á já. Ewúro inú ọbẹ̀ kò níṣòro, èyí tẹ́ ẹ fún sínú ife lẹ máa ṣọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má tíì gún igi kankan sílẹ̀. Ẹ máa kó ìgbẹ́ adìyẹ jọ kó jẹrà, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì, ẹ bá ẹni tó ní ewúro sọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí òjò bá ti rọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tó ki, ẹ lọ gé tiyín.